Ta Ni A Ó Fi Ọmọ Lé Lọ́wọ́?

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12: ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbà wá níyànjú pé ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Àárín òfin àti ìmọ̀ràn yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ṣiṣẹ́ oṣù há sí. Ibi iṣẹ́ tèmi fún mi ní oṣù 3 lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá mi wá bá wa wẹ ọmọ fún ọjọ́ 40, ṣùgbọ́n ó ní ọjà tirẹ̀ tó ń tà ní Oǹdó. Ó di dandan kí èmi àti ọkọ mi wá olùtọ́jú ọmọ, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe rí.

Ọmọdé kọ́ ni yóò tọ́ ọmọ

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá fún wa, wọ́n ní ọmọ ọdún 18 ni. Nígbà tí mo bi í ní kíláàsì tó wà kó tó kúrò nílé, ó ní JSS 2 ni. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí àgbàlagbà ń gbà. A kò gbà á. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gba kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta agbo-ilé rẹ̀. Bí òfin kò tilẹ̀ sí, kí ni ọmọdé tí àárò ìyá rẹ̀ ń sọ yóò ṣe bí ara ọmọ-ọwọ́ bá gbóná lójijì? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Ìbéèrè tó yẹ ní bíbéèrè

Obìnrin tí a gbà níkẹyìn ti lé ní ẹni 50 ọdún. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. A gba nọ́ńbà NIN rẹ̀, a mọ ilé rẹ̀, a rí oníduùró méjì. Síbẹ̀, ohun tó là wá lójú jù ni ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìyá tó ti bá ṣiṣẹ́ sọ. N kò bi wọ́n bóyá ènìyàn rere ni. Mo bi wọ́n pé: bí ọmọ bá ṣubú, ṣé yóò sọ? Bí ẹ bá tún bímọ, ṣé ẹ ó pè é padà? Ọ̀kan nínú wọn ní ọjọ́ tí ọmọ òun já bọ́ lórí àga, Màmá fúnra rẹ̀ ló pe òun níbi iṣẹ́. Ìdáhùn yẹn ló mú wa gbà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì ìdánrawò

Ọ̀sẹ̀ 2 kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ni Màmá bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a jọ wà nílé. Ní èkejì, mo jáde fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà gbogbo òwúrọ̀. Nígbà náà ni a rí ibi tí èrò wa kò ti dọ́gba. Màmá gbà pé oòrùn mú ju kí ọmọ má mu omi lọ. N kò bá a jiyàn. A jọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 10, nọ́ọ̀sì sì ṣàlàyé fún àwa méjèèjì pé omi inú ọyàn tó ọmọ. Màmá náà kọ́ mi ní tirẹ̀: igbe oorun yàtọ̀ sí igbe ebi.

A lẹ ìlànà omi ọyàn mọ́ ara fíríjì: ọjọ́ 4 nínú fíríjì, wákàtí 4 péré níta, nínú ooru tiwa, kò tilẹ̀ yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí iná mànàmáná tó ń lọ, a ra kúlà, a sì ń kó yìnyín sí i.

Òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹrú

Bí a ṣe bí ẹrú ni a ṣe bí ọmọ. A kọ àdéhùn sílẹ̀: owó àti ọjọ́ tí a ó san án, aago tí iṣẹ́ ń parí, ọjọ́ ìsinmi, àti pé ìtọ́jú ọmọ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ gbogbo ilé kò lè la ojú sí ọmọ. Èmi náà mọ ẹ̀tọ́ tèmi: òfin iṣẹ́ kan náà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìgbà náà ni mo máa ń fún omi ọyàn tí ọmọ yóò mu lọ́jọ́ kejì.

Owó kékeré kọ́ ni à ń san fún Màmá. Èmi àti ọkọ mi jọ ń san án ni, nítorí àwa méjèèjì ni ó jẹ́ kí a lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ìsinmi yín kù bí oṣù kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkàn yín yóò ṣì wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ẹni tí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún.