Ìrọ̀rùn Ìlò Nínú Ìṣètò Ojú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ojú ètò kọ̀ǹpútà ni apá ètò náà tí aṣàmúlò ń rí, tí ó sì ń fọwọ́ kàn: bọ́tìnnì, àwòrán kéékèèké, àpótí tí a ń kọ nǹkan sí àti ìkìlọ̀ tí ètò ń gbé jáde. Ìrọ̀rùn ìlò tọ́ka sí bí ó ti rọrùn tó fún ènìyàn láti fi ètò náà ṣe ohun tí ó ní lọ́kàn. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣe àṣìṣe kan náà, ètò ni kí a tún ṣe, kí a má bá aṣàmúlò wí. Donald Norman, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ilẹ̀kùn ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1988: bí ọwọ́ ìdìmú ilẹ̀kùn bá ń sọ pé kí a fà á, tí ó sì jẹ́ pé títì ni a ń tì í, ilẹ̀kùn ni ó jẹ̀bi.

Àpẹẹrẹ Bravo

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó tètè ń yé olùbẹ̀rẹ̀ bíi ti Bravo, ètò ìkọ̀wé tí wọ́n ṣe ní ibùdó ìwádìí Xerox PARC ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní ọdún 1974. Bravo ní ipò méjì. Ní ipò kan, lẹ́tà tí a bá tẹ̀ ń wọ inú ìwé. Ní èkejì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣẹ. Bí òǹkọ̀wé bá gbàgbé ipò tí ó wà, tí ó sì tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "edit", e yóò mú gbogbo ìwé náà, d yóò pa á rẹ́, i yóò ṣí àyè ìkọ̀wé, t nìkan ni yóò sì ṣẹ́ kù. Tim Mott lọ jókòó ti àwọn olóòtú ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Ginn láti wo bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun àti Larry Tesler ṣe Gypsy, ètò tí lẹ́tà inú rẹ̀ kì í ṣàdédé di àṣẹ.

Èdè aṣàmúlò

Ní ọdún 1990, Jakob Nielsen àti Rolf Molich, àwọn ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmárkì, gbé ìlànà tí a fi ń yẹ ojú ètò wò kalẹ̀. Ní 1994, Nielsen tún un tò sí mẹ́wàá. Lára wọn ni pé kí ètò jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́, kí a lè yí ìgbésẹ̀ padà, kí ó sì máa sọ èdè aṣàmúlò, kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

Ìkẹyìn yìí ni ó kan òǹkàwé Yorùbá jù. Àwọn fọ́ọ̀mù kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò mọ̀ ju A sí Z lọ. Bí ẹni tí ń jẹ́ Ṣẹ́gun bá kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ti yẹ, wọn a ní orúkọ náà kò tọ̀nà. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: ẹ àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀. Ètò tí a kò ṣe dáadáa lè ka lẹ́tà márùn-ún inú Ṣẹ́gun sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo èyí ṣeé tún ṣe, ẹni tí ó kọ ètò náà ni kò ronú kan ẹni tí ń jẹ́ Ṣẹ́gun.

Ìdánwò

A lè ya ojú ètò sórí bébà kí a tó kọ kóòdù kankan, kí a sì ní kí ẹni tí kò rí i rí fi ṣe iṣẹ́ kan, bíi kí ó fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Nielsen gbà pé ẹni márùn-ún tó láti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú àbùkù rẹ̀ hàn. Ohun tí ó máa ń nira fún akẹ́kọ̀ọ́ ni láti dákẹ́. Bí ọwọ́ ẹni náà bá dúró láàárín bọ́tìnnì méjì, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ sọ́nà. Ibi tí ọwọ́ náà ti dúró ni yóò kọ sílẹ̀.