Láísẹ́ńsì Ọ̀dọ́: Díẹ̀díẹ̀ Ni!

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 16 lè gba láísẹ́ńsì, àmọ́ wọn kì í tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa kọ́kọ́ lo ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù 6 ó kéré tán, á sì fi wákàtí 50 wakọ̀ pẹ̀lú àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 10 nínú ẹ̀ lálẹ́. Tó bá gba láísẹ́ńsì tán, fún oṣù 12 àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ dá wakọ̀ láti aago 11 alẹ́ sí aago 5 ìdájí, kò sì gbọ́dọ̀ dá kó ẹni tí kò tó ọdún 20, àyàfi nídìí pàtàkì.

Kí nìdí? Òkùnkùn máa ń da ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀ rú. Tí ọ̀rẹ́ bá sì kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹnì kan á ní, "Tẹ̀ ẹ́ jàre!" Ojú awakọ̀ á kúrò lọ́nà.

Ní Nàìjíríà, ọdún 18 ni òfin wí. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wa ń gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dádì wọn. Pé ẹsẹ̀ ẹni kan bíréèkì kò sọ ọ́ di awakọ̀ o. Tí ọ̀rẹ́ yín tí kò ní láísẹ́ńsì bá ní kí ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ rìn.