Àgbò Tí Kò Rí Ìtọ̀ Tọ̀: Kí Ló Wà Nínú Oúnjẹ Ẹran Wa?

Ìtàn àgbò kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tètè ra àgbò sílẹ̀ nígbà tí Iléyá ṣì ku oṣù mẹ́ta, kí owó tó gun òkè. Wọ́n fẹ́ kó sanra, ni wọ́n bá ń fún un ní èèrí àlìkámà láàárọ̀, èèrí àgbàdo nírọ̀lẹ́. Àgbò náà ń dán yinrin. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Á dúró bíi pé ó fẹ́ tọ̀, á máa tiraka, ẹ̀kán méjì péré ló ń jáde. A rò pé inú ló kún. Ọjọ́ kejì, ó kú.

Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òkúta wẹ́wẹ́ ló dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, kí lẹ ń fún un jẹ?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ tòní.

Gbogbo ewéko ló ń fa èròjà láti inú ilẹ̀. Méjì lára wọn ni kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àwọn ló ń mú egungun le. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí wọ́n ṣáà ti wà, wọ́n gbọ́dọ̀ wà níwọ̀n ara wọn. Fún àgbò, ó dára kí kálísíọ́mù tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nínú èèrí àlìkámà, òdìkejì ni: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bí ìlọ́po mẹ́wàá kálísíọ́mù! Èyí tó bá pọ̀ jù á gba inú ìtọ̀ jáde, ibẹ̀ ló ti lè dì di òkúta. Ọ̀nà ìtọ̀ abo àgùntàn kúrú, ó sì fẹ̀. Ti akọ gùn, ó tún tín-ín-rín, ìyẹn ló jẹ́ kí òkúta há síbẹ̀.

Ewé ńkọ́? Ewé ẹ̀wà, ewé ẹ̀pà àti agúnmániyè ní kálísíọ́mù ju koríko lásán lọ dáadáa. Koríko tó ti gbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀. Koríko kan náà, ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye èròjà lè yàtọ̀. Ojú lásán kò lè rí ìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Wọ́n á já ewé tí ẹran ń jẹ gan-an, láti ibi púpọ̀ nínú oko, wọn ò ní jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ dà mọ́ ọn, torí iyẹ̀pẹ̀ á ba èsì jẹ́. Wọ́n á sá a sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi 60 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá sun ún ní nǹkan bíi 550 títí á fi di eérú. Eérú yẹn ni èròjà ilẹ̀ kù sí. Wọ́n á fi ásíìdì yọ́ ọ, ẹ̀rọ á sì ka iye èròjà kọ̀ọ̀kan. FUNAAB l'Abẹ́òkúta àti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ so àgbò kan ṣoṣo mọ́ ẹ̀yìnkùlé kò nílò ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ewé àti koríko jẹ́ oúnjẹ gidi, kí èèrí jẹ́ àfikún díẹ̀. Ẹ gbé omi tó mọ́ sílẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ fún un ní iyọ̀ lá kó lè máa mu omi. Ẹ má fún àgùntàn ní oúnjẹ adìẹ tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀, torí kọ́pà inú rẹ̀ lè pa á. Tí ó bá ń tiraka láti tọ̀, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọ̀la.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ra òmíràn. Ewé ẹ̀wà gbígbẹ ni wọ́n ń rà fún un báyìí. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sin àgbò lórí WhatsApp yín. Ó dìgbà o.