Ẹ Mú Ìyá Yín Lọ Wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Àjàṣẹ́

Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba Àjàṣẹ́ kọjá lọ sí ọjà, síbẹ̀ a kì í yà wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní myùzé. A rò pé ti àwọn àlejò òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ló ni púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀, àwọn tó sì lè túmọ̀ rẹ̀ fún wa ṣì wà nílé: àwọn òbí wa tó ti dàgbà.

Mo rí èyí lọ́jọ́ tí mo mú ìyá mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Alexandre Sènou Adandé ní Àjàṣẹ́. Apá Kétu ni wọ́n ti bí wọn. Nígbà tí a dé iwájú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo ka ìwé pélébé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ ní Faransé, fún wọn. Wọ́n wo ère náà títí, wọ́n ní: "Orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé wá. Aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Irin tó ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń lùlù fún un?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ọkùnrin ló ń gbé e, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, tí yóò kọrin, tí yóò sì sọ òótọ́ fún ìlú. Wọ́n rọra kọ orin kan tí n kò gbọ́ rí. Kò sí orin yẹn nínú ìwé pélébé náà.

Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kì í ṣe igi gbígbẹ́ nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Ijó, orin, ìlù àti ọ̀rọ̀ ẹnu wà níbẹ̀. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá kú láìsọ, orí igi nìkan ni yóò ṣẹ́ kù fún wa.

Lọ́sàn-án, a gba Kútọnu lọ sí Ouidah, níbi tí Fondation Zinsou ti ṣí ilé iṣẹ́ ọnà òde òní ní 2013. A rí iṣẹ́ Romuald Hazoumè, ẹni tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962. Bidon epo kpayo ló fi ń ṣe ojú ènìyàn: ọwọ́ bidon di imú, ẹnu rẹ̀ di ẹnu. Irú rẹ̀ 304 ló tò bí ọkọ̀ ẹrú, èyí tí British Museum ní Lọ́ńdọ́nù rà. Ìyá mi, tó ti ta epo lẹ́bàá títì rí, rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé: "Ẹni tó ru bidon yìí ńkọ́?"

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ṣí. Ẹ lọ láàárọ̀, kó má baà rẹ àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí òbí yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ka ìwé ẹ̀gbẹ́ ère. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ dárúkọ wọn, abúlé wọn àti ọjọ́ náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì fún àwọn àbúrò yín ní ẹ̀dà kan.