Àga Tí A Háyà Tí Kò Padà: Ibo Ni Agbára Ilé-Ẹjọ́ Gbèsè Kékeré Dé?

Kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kan l'Èkó tí ènìyàn kì í rí àtíbàbà tí a ta sí ojú títì: bí kì í ṣe ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ ni, bí kì í ṣe ìgbéyàwó, ìṣílé ni. Àwọn àlejò a jókòó, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a sì lọ sí ilé wọn láìronú kan ẹni tí ó ni àga tí wọ́n jókòó lé. Ọ̀rọ̀ ẹni náà ni a fẹ́ sọ l'ónìí.

Ìyá kan ń bẹ ní àdúgbò wa tí ó ń fi àga, tábìlì, kánópì àti kúlà ńlá ṣe háyà. Ó tọ̀ wá wá pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀ l'ọ́wọ́, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí." Oníbàárà kan háyà 200 àga l'ọ́wọ́ rẹ̀ fún ìnáwó ìsìnkú bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ lọ kó wọn, 140 ni ó rí kó bọ̀. Oníbàárà náà ní òun kò mọ ibi tí 60 yòókù wọlẹ̀ sí, pé kí ìyá náà lọ bi àwọn ọmọkùnrin tí ó kó wọn wá. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò rí àga, kò rí owó. Ó wá bi wá ní ìbéèrè kan: "Wọ́n ní ilé-ẹjọ́ kan wà tí ẹjọ́ ibẹ̀ kì í pẹ́, tí kò sì di dandan kí ènìyàn gba lọ́yà. Ṣé yóò bá mi gba àga mi?"

Ìbéèrè náà kúrú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ó ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀, yálà ẹ̀rọ amúnáwá ni ẹ fi ń ṣe háyà, tàbí ohun èlò ìkọ́lé, tàbí aṣọ ìyàwó, a rò pé ó yẹ kí a dá a lóhùn ní gbangba.

Kí a tó dé ilé-ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ti àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́kọ́ ń sáré lọ. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀ràn gbèsè tàbí àdéhùn tí ó yẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí pé oníbàárà yín kó àga yín lọ tà, olè ni ìyẹn, ó sì kan ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó gbà á l'ọ́wọ́ yín pẹ̀lú àdéhùn, tí àìbìkítà rẹ̀ sì mú kí ó sọnù, ọ̀ràn láàárín ẹni méjì ni, ilé-ẹjọ́ ni ó ni í.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2018 ni Ilé-Ẹjọ́ Gbèsè Kékeré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Èkó, nígbà tí Opeyemi Oke jẹ́ Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ Májísíréètì náà ni. Ìlànà tirẹ̀ ni a yà sọ́tọ̀ kí ẹjọ́ owó kékeré má ba à máa pẹ́ bí ẹjọ́ ilẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà sì ti tẹ̀lé e. Èrò náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. L'ọ́dún 1846 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ káàkiri àgbègbè wọn, kí ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò ju £20 lọ lè rí ibi tí yóò ti gbà á láìná ju ohun tí ó ń wá lọ.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè yóò kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó rẹ̀ l'ọ́wọ́ ajigbèsè. Bí ìyẹn kò bá san án, yóò lọ kún fọ́ọ̀mù ní ilé-ẹjọ́, yóò sì fi ẹ̀dà ìwé náà tì í. Láàárín ọjọ́ 7, akódà ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìpè dé ọ̀dọ̀ olùjẹ́jọ́. Olùjẹ́jọ́ náà sì ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Bí ó bá dákẹ́, adájọ́ lè kà á sí pé ó jẹ́wọ́ gbèsè náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá dé iwájú adájọ́, ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ yóò ṣe ni láti gbìyànjú kí wọ́n yanjú rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Bí kò bá ṣeé ṣe, yóò gbọ́ ẹjọ́. Ìlànà ọdún 2018 náà pa á l'áṣẹ pé láti ọjọ́ tí a fi ẹjọ́ sílẹ̀ títí dé ọjọ́ ìdájọ́ kò gbọdọ̀ ju 60 ọjọ́ lọ. Ènìyàn lè gba lọ́yà bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́.

Nísinsìnyí, níbo ni agbára rẹ̀ dé? Ìlànà náà fi ààlà mẹ́ta sí i. Èkíní, owó tí a ń béèrè kò gbọdọ̀ ju ₦5,000,000 lọ, yàtọ̀ sí èlé àti ìnáwó ẹjọ́. Èkejì, olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ máa gbé tàbí máa ṣòwò l'Èkó, tàbí kí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó le jù: ohun tí a ń béèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ owó, owó náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iye rẹ̀ ti dájú kí a tó dé ilé-ẹjọ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìyá wa ti di kókó. Bí oníbàárà náà bá ṣẹ́ owó háyà kù, tí ó wà nínú ìwé pé èló ni, owó tí ó dájú ni. Ilé-ẹjọ́ kékeré lè gbà á. Ṣùgbọ́n àga 60 kì í ṣe owó. Ilé-ẹjọ́ yìí kò ní agbára láti pàṣẹ pé, "Lọ kó àga onílé fún un." Bí ìyá náà bá sì sọ pé òun yóò gba owó wọn, adájọ́ yóò bi í pé, "Èló ni ẹ jọ ṣe àdéhùn pé ẹ óò gbà bí ọ̀kan bá sọnù?" Ìyá wa kò kọ ọ́ sí ibì kankan. Iye tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa jiyàn lé lórí kì í ṣe iye tí ó dájú.

Èyí kò túmọ̀ sí pé òfin ti kọ ìyá náà sílẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà, ó kàn gùn jù ni. Ilé-ẹjọ́ Májísíréètì ní ọ̀nà tirẹ̀ gan-an, gẹ́gẹ́ bí òfin Èkó ti ọdún 2009 ti wí, lè gbọ́ ẹjọ́ àdéhùn àti ti ìpalára tí owó rẹ̀ kò ju ₦10,000,000 lọ. Níbẹ̀ ni a ti lè pe ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní detinue, èyíinì ni ẹjọ́ ẹni tí ó di ohun oníǹkan mú. Ohun tí a gbọ́dọ̀ fi hàn ni pé àwa ni a ní ẹ̀tọ́ sí ohun náà, pé a béèrè rẹ̀, àti pé ẹni náà kọ̀ láti dá a padà. Adájọ́ lè pàṣẹ pé kí ó dá a padà tàbí kí ó san iye rẹ̀, kí ó sì san owó ìdádúró. Ẹ kíyèsí i pé bíbéèrè yẹn ni ìpìlẹ̀ ẹjọ́ náà. Ẹni tí kò kọ ìwé béèrè kò ì tíì bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé bí òun bá pẹ́ kí òun tó dá ohun háyà padà kò ní nǹkan kan tí yóò ná òun, kí ó gbọ́ ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì l'ọ́dún 1952. Ilé-iṣẹ́ Strand Electric fi ẹ̀rọ ìtanná orí ìtàgé ṣe háyà. Àwọn tí ẹ̀rọ náà wà l'ọ́wọ́ wọn kọ̀ láti dá a padà. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, tí Adájọ́ Denning wà nínú rẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n san owó háyà gbogbo ọ̀sẹ̀ 43 tí wọ́n fi dá a dúró, láìka pé bóyá onílé ì bá rí ẹlòmíràn fi háyà fún ní gbogbo àkókò náà tàbí kò ní rí. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni òfin àtọwọ́dọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ ìpìlẹ̀ irú ẹjọ́ báyìí nílẹ̀ wa. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Kí ni kí oníṣòwò háyà wá ṣe kí ilé-ẹjọ́ kékeré náà lè wúlò fún un? Ìwé ni oògùn rẹ̀. Kí ó kọ iye àga tí ó jáde, kí oníbàárà kà á, kí ó sì fi ọwọ́ sí i. Kí ó kọ owó háyà ọjọ́ kan, àti iye tí yóò máa gorí rẹ̀ l'ójoojúmọ́ tí ohun náà bá pẹ́. L'ékè gbogbo rẹ̀, kí ó kọ iye tí oníbàárà yóò san fún àga kan, kánópì kan, kúlà kan, bí ó bá sọnù. Ìlà kan ṣoṣo yìí ni ó ń sọ àga di owó tí ó dájú. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ṣe ojúkòkòrò: bí ó bá kọ ìlọ́po mẹ́wàá iye tí àga jẹ́ l'ọ́jà, adájọ́ lè wò ó bí ìjìyà, kí ó sì kọ̀ ọ́. Iye tí ó bá ti ọjà mu ni kí ó kọ.

A sì ní láti sọ ti apá kejì, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn oníbàárà náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Àwọn oníháyà kan a máa kó àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán tẹ́lẹ̀ wá, wọn a sì gba owó rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ àlejò ni ó ti kán. Àwọn mìíràn a kó ohun wọn lọ ní òru láìkà á lójú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó wá sọ l'ọ́jọ́ kejì pé kò pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó, ẹ yan ẹnìkan tí yóò ka ohun náà bí ó ti ń wọlé àti bí ó ti ń jáde. Ìwé tí ó ń gbe oníṣòwò ni yóò gbe ẹ̀yin náà.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣ'ọ̀rẹ́. Nítorí náà ni a fi gba ìyá wa ní ìmọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè, ní pẹ̀lẹ́, kí ó sì dá ọjọ́ pàtó. Ìwé náà kò ì pé ọ̀sẹ̀ kan l'ọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n oníbàárà fi wá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá inú ilé wọn fínnífínní. 35 àga jáde láti àgbàlá ìbátan kan tí ó ti kó wọn lọ lò fún ìpàdé tirẹ̀. 25 tí ó kù kò tíì hàn. Wọ́n jọ ṣe ìṣirò iye wọn bí ó ti rí l'ọ́jà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n dá ọjọ́ ìsanwó, oníbàárà sì fi ọwọ́ sí i l'ójú ẹlẹ́rìí méjì.

Ìyá náà rò pé àga òun nìkan ni òun rí gbà. A sọ fún un pé ó rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oníbàárà náà bá yẹ àdéhùn, kì í ṣe àga ni ìyá náà yóò máa wá kiri mọ́: gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ni ó wà l'ọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ kékeré sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká ìwé náà, ó sì ní òun ń lọ ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun.