Ìmúra Alẹ́ fún Ìrìn Òwúrọ̀: Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Òṣìṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe àjèjì sí àwọn Yorùbá, nítorí pé kí alùpùpù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó pọ̀ nílé, òun ni olùkọ́, akọ̀wé, ajíhìnrere àti àwọn tó ń ra kòkó kiri abúlé ń gùn lọ síbi iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ náà ló sì jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ Raleigh ṣe ní ìlú Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Lọ́ńdọ̀nù òde òní, níbi tí owó ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ òṣìṣẹ́ lára, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tún ti di ohun tó yẹ kí ìdílé jókòó rò. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ ní kìlómítà 5 tàbí 8 sí ilé lè gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí tàbí kí ó lé díẹ̀, láìka iye ìgbà tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń pa á tì, àìmúrasílẹ̀ ló sì sábà ń fà á ju àìlágbára ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tí ó jí láago 6, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iná kẹ̀kẹ́, tí táyà rẹ̀ rọ̀, tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì wọ inú àpò, bọ́ọ̀sì ni yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ̀kẹ́ yóò di ohun tí eruku ń bò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a yàn, nítorí pé ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà kọ́ ló sábà máa ń dára jù fún kẹ̀kẹ́. Bí àpẹẹrẹ, òṣìṣẹ́ tí ń gbé ní Peckham, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn Guy's lẹ́bàá London Bridge, lè rò pé Old Kent Road, níbi tí lọ́rì àti bọ́ọ̀sì ti ń fún ara wọn mọ́ra, nìkan ni ọ̀nà tó wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé ìkàwé Peckham ni ọ̀nà kan ti bẹ̀rẹ̀ tí mọ́tò kì í gbà, èyí tí wọ́n là sí ibi tí odò àtọwọ́dá tí à ń pè ní Grand Surrey Canal ń ṣàn gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i, ọ̀nà yìí sì já sí ọgbà ìgbafẹ́ Burgess Park, láti ibi tí a ti lè máa gba àwọn àdúgbò tí kò ní ariwo lọ sí apá London Bridge. Ó dára kí a gun ọ̀nà tí a bá yàn lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀, kí a lè mọ ibi tí iná adarí ọkọ̀ wà àti ibi tí ojú ọ̀nà ti bàjẹ́, kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé.

Ẹni tí ó kọ́ kẹ̀kẹ́ nílé ní ohun kan láti tún kọ́. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi apá òsì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ojú títì, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gba apá òsì títí di òní, nítorí náà ojú, ọrùn àti ọwọ́ gbọ́dọ̀ tún ìwà kọ́, pàápàá jù lọ ní oríta. Bákan náà, òfin kan tó ti wà láti ọdún 1835 ni kò gba kí a gun kẹ̀kẹ́ lórí pèpéle ẹ̀gbẹ́ títì tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ewu tó le jù ni ti lọ́rì ńlá tó fẹ́ yà sí òsì: awakọ̀ rẹ̀ kì í sábà rí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ náà nísàlẹ̀, nítorí náà, bí lọ́rì bá dúró síbi iná, kí agunkẹ̀kẹ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ó má ṣe gba àlàfo òsì yẹn kọjá, bó ti wù kí àlàfo náà fẹ̀ tó. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ náà ti sọ pé kí awakọ̀ tó bá fẹ́ ya kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fi àlàfo tí kò dín ní mítà 1.5 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kì í di ara mú, ojú ẹni ló ń ṣọ́ ni.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò gba àyẹ̀wò púpọ̀ lálẹ́. A ó fọwọ́ tẹ táyà méjèèjì, a ó gbé iwájú kẹ̀kẹ́ díẹ̀ kí a fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń yí gere, a ó sì fa bíréèkì kọ̀ọ̀kan kí a sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú láti mọ̀ bóyá ó ń dì í mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa ń so bíréèkì iwájú mọ́, kí ẹni tí kẹ̀kẹ́ ibòmíràn ti mọ́ lára sì kíyè sí èyí, torí pé fífa bíréèkì iwájú lójijì lórí ilẹ̀ tútù lè gbé ènìyàn ṣubú. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ táyà wà lára rọ́bà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní lẹ́tà kéékèèké tí ọ̀pọ̀ kì í kà.

Ọ̀rọ̀ iná jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ títí di ìgbà tí yóò tún yọ, iná funfun gbọ́dọ̀ wà níwájú kẹ̀kẹ́, pupa lẹ́yìn, pẹ̀lú gíláàsì pupa tí ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́tò padà. Láàárín oṣù kejìlá, nǹkan bí aago 8 ni oòrùn ń yọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù ó ti wọ̀, èyí túmọ̀ sí pé inú òkùnkùn ni òṣìṣẹ́ yóò lọ tí yóò sì bọ̀. Nítorí náà, iná méjèèjì ló yẹ kí a fi sí ṣájà lálẹ́ pẹ̀lú fóònù, kí ó má sì sí òru kan tí a ó fi fóònù nìkan sí i.

Ibi tí ẹrù wà lára kẹ̀kẹ́ ló ń sọ bóyá ìrìn yóò dùn tàbí yóò korò. Àpò ẹ̀yìn, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbé, ni ọ̀pọ̀ ń fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù méjì tó hàn kedere: ó ń mú kí ẹ̀yìn làágùn kódà nígbà òtútù, ó sì ń gbé ìwúwo sókè, tó fi jẹ́ pé nígbà tí agunkẹ̀kẹ́ bá yíjú wẹ̀yìn láti wo ọkọ̀, àpò náà yóò fẹ́ wọ́ ọ lọ. Ohun tó sàn jù ni kárìà, ìyẹn irin tí a dè sórí táyà ẹ̀yìn, àti àpò tí a máa ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí òkẹ́ méjì tí a so kọ́ ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìkọ́ méjì ló ń di àpò yìí mú lókè, ọ̀kan tún wà nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó fì wọ inú táyà. Kí a sún àpò náà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí gìgísẹ̀ kò fi ní máa gbá a, kí a sì ká gbogbo okùn tó bá ṣẹ́ kù sínú, nítorí okùn tó bá lọ́ mọ́ irin táyà lè dá kẹ̀kẹ́ dúró gbọin láàárín títì.

Ẹrù dídì gba sùúrù díẹ̀. Ohun tó wúwo, bí àgádágodo àti oúnjẹ, ni yóò kọ́kọ́ wọlé, kí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá wà, kí ó wà nínú àpò onítìmùtìmù tirẹ̀, kí ó sì dúró lóòró ní apá tó kọjú sí kárìà, níbi tí nǹkan kan kò ti ní gbá a bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kò yẹ ní ṣíṣẹ́po. Kí a di bọ́tìnnì rẹ̀, kí a dojú rẹ̀ dé, kí a ká apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀yìn, kí a wá máa yí i bí ẹní láti ìsàlẹ̀ lọ sí ọrùn, kí kọ́là lè wà lókè tí nǹkan kan kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kí a fi ọ̀rá wé e. Bàtà iṣẹ́ dára kí ó máa gbé níbi iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, torí pé òun ló ń gba àyè jù. Kò yẹ kí nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú aláìsàn wọ aṣọ iṣẹ́ gun kẹ̀kẹ́, nítorí ìmọ́tótó; kí aṣọ náà wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ọ̀rá òfìfo mìíràn sì wà níbẹ̀ fún èyí tó ti dọ̀tí tí wọn yóò gbé bọ̀.

Oúnjẹ ilé ni ọ̀pọ̀ Yorùbá kò lè fi sílẹ̀, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi fi í sílẹ̀. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín kì í fa wàhálà lórí kẹ̀kẹ́. Ọbẹ̀ ni ọ̀ràn, torí epo pupa tó bá ti kan aṣọ funfun kò ní àtúnṣe kíákíá. Kí a bu ọbẹ̀ sínú ike tí ìdérí rẹ̀ ń yí dì, tí rọ́bà sì wà ní etí rẹ̀, kí a gbé e sínú fírísà mọ́jú kí ó dì gan-an, kí a wá fi ọ̀rá méjì so ó lówùúrọ̀. Bí ó bá ti dì báyìí, kò ní dà lójú ọ̀nà, tó bá sì fi máa di ọ̀sán, ó ti ń yọ́. Inú àpò kejì ni kí ó wà, kì í ṣe ibi tí kọ̀ǹpútà wà.

Lẹ́yìn ẹrù ni aṣọ ara. Òjò Lọ́ńdọ̀nù kò pọ̀ tó ti Èkó rárá: nǹkan bí mìlímítà 600 ni ti ọdún kan níbẹ̀, nígbà tí ti Èkó ju 1,500 lọ. Ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù ń wọ̀ winniwinni ní ohun tó ju 100 ọjọ́ lọ lọ́dún, ẹni eji bá sì rí ni eji ń pa, nítorí náà kí ẹ̀wù òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ má kúrò nínú àpò, kódà lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́. Mọ́dígáàdì, ìyẹn ìborí táyà, wúlò ju ẹ̀wù òjò lọ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí pé ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè ló ń ba ṣòkòtò àti ẹ̀yìn ẹ̀wù jẹ́. Ní ti òtútù, kí a wọ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta léra dípò ọ̀kan tó nípọn, kí òtútù díẹ̀ sì mú ni ní ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ móoru kó tó gun kẹ̀kẹ́ yóò ti làágùn púpọ̀ kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Ìbọ̀wọ́ kò ṣeé gbàgbé, torí ìka tó kú kò lè fa bíréèkì.

Òfin kò fi dandan lé akoto fún agunkẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ó dára kí a dé e. Obìnrin tó dirun tó nípọn yóò rí i pé akoto kì í jókòó dáadáa, tí yóò sì ṣí iwájú orí sílẹ̀. Kí ó di irun náà sí ìpàkọ́ nísàlẹ̀, kí akoto lè tẹ́jú lórí, kí ó má sì jìnnà ju ìka méjì lọ sí ìpéǹpéjú. Gèlè àti ìró, lọ́jọ́ tí ayẹyẹ bá wà níbi iṣẹ́, inú àpò ni kí wọ́n wà. Ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ yẹ ní dídì ní ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà.

Kò sí fọganáísà ní gbogbo oríta Lọ́ńdọ̀nù bó ti wà nílé, nítorí náà òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí táyà bá jò. Tíúbù tuntun kan, ọ̀pá ike pẹlẹbẹ méjì tí a fi ń ṣí táyà, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ náà mu àti pọ́ǹpù kékeré ló tó, kí wọ́n sì máa gbé inú àpò kékeré kan tí kì í kúrò lára ẹrù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú ẹnu tíúbù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ọ̀kan tóbi bíi ti mọ́tò, èkejì tín-ín-rín, pọ́ǹpù tó bá ọ̀kan mu sì lè má bá èkejì mu, èyí tó yẹ kí a ti dán wò nílé. Kí a tó ki tíúbù tuntun bọ inú táyà, kí a rọra fi ìka wá inú táyà náà yíká, torí àfọ́kù ìgò tó gún ti àkọ́kọ́ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, tí yóò tún gún èyí náà.

Olè kẹ̀kẹ́ pọ̀ nílùú náà. Àgádágodo onírin líle tí wọ́n ń pè ní D-lock ni kí a fi so férémù kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú táyà kan, mọ́ irin tí a rì mọ́lẹ̀, kí a fi òmíràn so táyà kejì, kí a sì kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ férémù sílẹ̀ síbi kan nílé.

Owó tí gbogbo èyí ń ná ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ṣe é, ọ̀nà kan sì wà tí ìjọba ti là sílẹ̀ láti ọdún 1999, tí wọ́n ń pè ní Cycle to Work. Agbanisíṣẹ́ ni yóò ra kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú iná, àgádágodo, àpò àti akoto, tí òṣìṣẹ́ yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù kí a tó yọ owó orí, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń san kéré sí iye tí ilé ìtajà ń pè é. Àléébù rẹ̀ tóbi. Òfin kò gbà kí yíyọ owó náà mú owó iṣẹ́ wálẹ̀ ju iye tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ, nítorí náà olùtọ́jú àgbàlagbà àti agbálẹ̀ tí owó wọn wà ní ìpele yẹn gan-an kò lè wọ inú ètò náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ni owó ọkọ̀ ń ni lára jù. Ó yẹ kí ìjọba tún èyí ṣe. Kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ra kẹ̀kẹ́ àlòkù, kí ó sì fi owó tó bá kù ra iná tó mọ́lẹ̀ àti àgádágodo tó lágbára, kí ó sì bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè kó tó ra ohunkóhun bóyá ibi ìwẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ àti ibi tí òjò kò ti ní pa kẹ̀kẹ́ wà níbi iṣẹ́ náà.