Àmì, Ẹranko àti Ìtàn Ìwáṣẹ̀ nínú Ayé Glorantha: Ohun Tí Ó Kan Àwa Ọmọ Awo



    

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín lónìí lè ya àwọn àgbà lẹ́nu, nítorí pé géèmù ni ó dá lé. A kò sọ ti ayò ọlọ́pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ ti lúdò. Èyí tí a ń wí ni irú géèmù tí àwọn ọmọ wa ń ta lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, tí àwọn mìíràn sì ń jókòó yí tábìlì ká láti ta, nínú èyí tí àwọn alágbára ọ̀run, àwọn àmì agbára àti àwọn abàmì ẹranko kún fọ́fọ́. Ìbéèrè kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹnìkan bá lè jókòó sínú yàrá rẹ̀, kí ó ro àwọn alágbára àti àmì wọn láti inú ara rẹ̀ wá, kí ni ó ya odù tí babaláwo ń tẹ̀ sọ́tọ̀? Ọmọ tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣe àfojúdi. Bí àwa kò bá dá a lóhùn, ẹlòmíràn yóò dá a lóhùn fún wa.

Bí ayé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí a ṣe ń ta á

Nínú àwọn ayé àfinúrò tí wọ́n ń lò fún irú géèmù yìí, a yan ọ̀kan láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn ìwáṣẹ̀ ni òpó tí ó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Glorantha ni orúkọ rẹ̀. Greg Stafford, ará Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀. Ọdún 1966, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Beloit ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1975, ó dá ilé iṣẹ́ Chaosium sílẹ̀, ó sì gbé géèmù àkọ́kọ́ jáde, èyí tí ó pè ní White Bear and Red Moon. Ní ọdún 1978 ni RuneQuest jáde, tí Steve Perrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ òfin rẹ̀. Stafford jáde láyé ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ta géèmù náà, wọ́n sì ń kọ ìtàn kún ìtàn rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ta á. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ẹnìkan nínú wọn ni apàtàn: òun ni ó ń sọ ohun tí ojú rí, òun ni ó sì ń gbẹnu sọ fún ọ̀tá àti fún àlejò. Olúkúlùkù àwọn yòókù yóò mú ẹ̀dá kan nínú ìtàn, yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe. Bí ọ̀ràn bá di èyí tí a kò mọ ibi tí yóò já sí, dáìsì ni wọn yóò dà. Dáìsì olójú mẹ́wàá méjì ni RuneQuest ń lò láti mú nọ́ńbà láàárín 1 sí 100. Bí ẹ̀dá kan bá mọ idà lò dé ìwọ̀n 60, tí dáìsì sì mú 60 tàbí ohun tí kò tó o, idà rẹ̀ bà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tàsé. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni borí ẹnìkejì. Ìtàn kan ni gbogbo wọn jọ ń pa.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde. Nínú rẹ̀, àwọn ọdẹ jọ mú ọ̀nà àjò pọ̀n, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀: Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò tètè lóye ohun tí àwọn tó yí tábìlì ká ń ṣe.

Ìtàn tí ó gbé ayé náà ró

Kí a tó tẹ̀síwájú, a fẹ́ là á yé yín pé a kò ní pe àwọn alágbára Glorantha ní òrìṣà. Òrìṣà ni ẹni tí ènìyàn ń bọ. Kò sí ẹni tí ń bọ àwọn wọ̀nyí níta ìtàn. Ẹni tí ó dá wọn kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni bọ wọ́n.

Ìtàn tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ti ikú òòrùn. Yelm ni òòrùn, òun sì ni ọba. Eurmal, ẹlẹ́tàn láàárín wọn, ni ó jí Ikú gbé, ó sì fà á lé Humakt lọ́wọ́. Ikú náà rí bí idà. Humakt fi í ṣá baba ńlá gbogbo ẹni kíkú, òun ni ó sì kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni idà yìí dé ọwọ́ Orlanth, alágbára ìjì, tí ó fi pa Yelm. Òòrùn wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀, òkùnkùn bo ayé, agbára ìdàrúdàpọ̀ sì ráyè wọlé, ó ń jẹ ayé run.

Nígbà tí Orlanth rí ohun tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà, kò sá fún un. Ó gbéra lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì wọ ilẹ̀ àwọn òkú lọ. Àwọn mẹ́fà ni ó bá a rìn: Issaries oníṣòwò, Lhankor Mhy amòye, Chalana Arroy oníwòsàn, Eurmal fúnra rẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan, àti ẹ̀mí kan tí wọ́n ń pè ní Ginna Jar. Orlanth dé iwájú ẹni tí ó pa, ó gba ẹ̀bi, wọ́n sì parí ìjà. Òòrùn tún yọ, ọjọ́ náà sì ni Àkókò bẹ̀rẹ̀. Májẹ̀mú tí àwọn alágbára dá kí ayé má baà parun ni ó so wọ́n lọ́wọ́, tí wọn kò fi lè máa rìn káàkiri ayé mọ́ bí ó ti wù wọ́n. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ayé ti di ti ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ agbára wọn yóò fi ètùtù tún ìrìn tí wọ́n rìn rìn. Bí ó bá rìn ín dáadáa, ìre dé bá ìlú rẹ̀. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ìlú rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ọmọ awo kò ní ṣàìrí i pé ìrísí èyí jọ ohun tí a mọ̀. Nínú ẹsẹ Ifá pẹ̀lú, a máa ń gbọ́ orúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí a dá a fún, ìṣòro tí ó bá a, ẹbọ tí a ní kí ó rú, àti bí ó ti gbẹ̀yìn fún un. Ẹni tí ó jókòó síwájú ọpọ́n lónìí ń tọ ipa ẹsẹ̀ ẹni àná.

Àwọn àmì

Rune ni wọ́n ń pe àmì agbára ní Glorantha. Wọ́n gbà pé láti ara àwọn àmì wọ̀nyí ni ohun gbogbo ti wá. Àwọn kan dúró fún ohun tí a fi dá ayé: àmì òkùnkùn jẹ́ òbìrí dúdú, àmì iná àti sánmà jẹ́ òbìrí tí ó ní ẹ̀kán láàárín, àmì ilẹ̀ ní igun mẹ́rin, àmì ìjì ká bí ìkarahun ìgbín. Àwọn mìíràn wà ní méjì-méjì, tí wọ́n ń takò ara wọn: ìyè àti ikú, òtítọ́ àti ẹ̀tàn, ìrẹ́pọ̀ àti ìjà, ìdúró àti ìrìn.

Àmì tí ó jẹ́ ti alágbára kan ni ó ń sọ ìwà rẹ̀ àti ìwà àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ikú àti òtítọ́ ni àmì Humakt. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í purọ́, bí ó bá sì kú, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a jí òun dìde. Ó lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ Humakt, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀: ó lè jẹ́ pé kò ní jẹ oúnjẹ kan mọ́, tàbí pé kò ní bá wọn lúgọ de ọ̀tá láéláé. Ẹni tí ó bá da èèwọ̀ náà pàdánù ẹ̀bùn. Ohun tí Stafford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ ni pé àmì tí kò bá de ẹni tí ó gbé e, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Àwọn ẹranko

Ní aṣálẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Prax ni ọ̀rọ̀ ẹranko ti dùn jù. Níbẹ̀ ni Akọ Màlúù Ìjì ti bá olórí ìdàrúdàpọ̀ jà, tí òkúta ńlá kan sì tẹ ọ̀tá náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ti bàjẹ́, oúnjẹ kò sì tó ènìyàn àti ẹranko jẹ mọ́. Waha, ọmọ Akọ Màlúù, bá dá ètò kan. Ó ní kí ẹ̀yà ènìyàn kọ̀ọ̀kan àti irú ẹranko tí ó bá a gbé ṣẹ́ ìbò. Ẹni tí ìbò bá jẹ́ tirẹ̀ yóò máa jẹ ẹran. Ẹni tí kò bá bọ́ sí i fún yóò máa jẹ koríko, yóò sì di ẹran ìjẹ.

Ènìyàn ni ó jẹ ìbò lọ́pọ̀ ibi. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà kan fi ń gun ẹfọ̀n onírun bíi ti Amẹ́ríkà, tí òmíràn ń gun ẹtu oníwo gígùn, tí òmíràn sì ń gun llama gíga. Ṣùgbọ́n ní ibì kan, ẹranko ni ó jẹ ẹ́. Morokanth ni orúkọ wọn, wọ́n jọ tapir ti Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n ń da àwọn tí ó rí bí ènìyàn kiri pápá bí a ti ń da màlúù, nítorí pé ọgbọ́n ti kúrò lórí àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn kan ní màgòmágó ni wọ́n ṣe. Ẹṣin kò sí níbi ìbò náà, nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ará Prax fi kórìíra rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pa ẹran, ètùtù kan wà tí Waha kọ́ wọn, kí ẹ̀mí ẹran náà lè padà sọ́dọ̀ Eiritha, ìyá gbogbo agbo.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Kò sí ẹranko kan níbẹ̀ tí wọ́n fi kún un nítorí pé ojú rẹ̀ ń dẹ́rù bani nìkan. Ìtàn ni ó sọ ìdí tí a fi ń gùn ún, ìdí tí a fi ń jẹ ẹ́ àti ìdí tí a fi ń kórìíra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ tiwa. Adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó tan ilẹ̀ ká orí omi, ọ̀gà ni ó sì fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ dán an wò bóyá ó ti le. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní wo ọ̀gà bí aláǹgbá lásán mọ́.

Ibi tí tiwa ti yàtọ̀

Ó yẹ kí a wá dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó wo òkèèrè yóò sọ pé ẹni tí ń da dáìsì àti ẹni tí ń pa ikin, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Lóòótọ́, àwọn méjèèjì ń jẹ́ kí ohun tí ó ju ìfẹ́ inú wọn lọ sọ̀rọ̀. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù, a ó tẹ ilà méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, a ó tẹ ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni a ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí odù kan tó jáde nínú 256.

Ṣùgbọ́n dáìsì ń sọ bí idà ṣe bà tàbí bí ó ṣe tàsé, ọ̀rọ̀ sì parí níbẹ̀. Odù ń ṣí ilẹ̀kùn ẹsẹ Ifá tí babaláwo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Bí dáìsì bá ba ìtàn jẹ́, apàtàn lè gbójú fò ó, kí eré má baà túká. Babaláwo kò ní àǹfààní yẹn. Ohun tí ó bá jáde ni yóò kì, bí kò tilẹ̀ bá ojú ẹni tí ó wá lára mu, awo mìíràn tí ó jókòó níbẹ̀ yóò sì bá a tún un ṣe bí ó bá ṣì í kì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó dìde lẹ́sẹ̀ ọpọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó ń ṣàìsàn tàbí ìdílé tí ó ń jà. Ìyàtọ̀ náà wà nínú ẹni tí yóò jíhìn. Àmì Glorantha ń de ẹ̀dá inú ìtàn. Odù ń de ẹlẹ́ran ara, ó sì ń de babaláwo pẹ̀lú.

Nígbà tí wọ́n bá mú orúkọ wa

Stafford ro àwọn alágbára tirẹ̀, ó sì fún wọn lórúkọ tirẹ̀. Gbogbo ẹni tí ń ṣe géèmù kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Smite, géèmù ìjà orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Hi-Rez ti Amẹ́ríkà ṣe, ń kó àwọn òrìṣà àti ọlọ́run oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ kí wọ́n máa bá ara wọn jà. Ní ọdún 2012, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kan fi ẹ̀hónú hàn nítorí bí wọ́n ṣe lo àwọn òrìṣà wọn níbẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n fi Yemọja kún un, Ọlọ́run sì tẹ̀lé e. Ẹni tí ń ta géèmù náà lè yan Ọlọ́run, kí ó máa fi í jà, kí àwọn ẹlòmíràn sì lù ú bolẹ̀.

A mọ̀ pé inú àwọn ọmọ wa kan dùn nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ wa láàárín àwọn ńlá ayé, a kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó sọnù. Àwọn baba wa gbẹ́ ère lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì gbẹ́ ojú Èṣù sí etí ọpọ́n Ifá, ṣùgbọ́n wọn kò gbẹ́ ère Olódùmarè, wọn kò sì kọ́ ojúbọ fún un. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́gbẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ ni: ẹni tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi sí ojú kan. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ pàdé Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí jagunjagun tí ẹ̀mí rẹ̀ ń dínkù bí wọ́n ti ń lù ú ti kọ́ òdìkejì ohun tí baba rẹ̀ mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un.

Ojúṣe wa

A kò pè yín kí a lè jọ fi àwọn eré wọ̀nyí gégùn-ún. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn kan pariwo pé èṣù ni àwọn ọmọ tí ń ta Dungeons & Dragons ń bọ. Àwa tí wọ́n ti fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn láìjẹ̀bi, a kò gbọdọ̀ fi kan ẹlòmíràn.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a máa pa ìtàn ìwáṣẹ̀ fún àwọn ọmọ wa nílé, kí wọ́n tó bá a pàdé lójú kọ̀ǹpútà. Èkejì, bí òǹkọ̀wé tàbí ẹni tí ń ṣe géèmù bá wá béèrè, kí a má ṣe lé e. Kí a fi ohun tí ó jẹ́ ti gbangba hàn án, bí ìtàn, oríkì àti ìwà àwọn òrìṣà. Kí a sì sọ fún un pé ohun tí ó jẹ́ ti igbódù, ti igbódù ni. Kí a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ya àwòrán Olódùmarè, kí ó má sì fi ilà odù ṣe ọ̀ṣọ́ ara idà. Bí ó bá fẹ́ àmì, kí ó dá tirẹ̀, bí ẹni tí ó dá Glorantha ti ṣe. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ awo tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà lò bẹ̀rẹ̀ sí dá ayé tiwọn, nínú èyí tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ìdí, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì ní èèwọ̀.

Ní ọdún 2008 ni àjọ UNESCO fi Ifá sínú ìwé àkójọ àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Ìwé náà kò lè sọ̀rọ̀ fún wa. Ẹnu wa ni yóò sọ ọ́.

Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí a sọ ọ́ ní àsọyé. Kí ọdún yìí tura fún gbogbo wa, kí a sì ṣe ti ẹ̀ẹ̀mí-ìn nínú ọlà àti àlàáfíà.

Àbọrú, àbọyè o.